Físíò fún orúnkún màmá mi: ṣé ká máa gbé ẹsẹ̀ sókè nìkan ni ìtọ́jú?

Àdùkẹ́ Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ orúnkún màmá mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti lé ní 60 ọdún, ẹ̀wà àti gààrì ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà, orí àpótí kékeré ni wọ́n sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń ro wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á kọ́kọ́ di àpò ẹ̀wà mú, wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ẹsẹ̀. A ya X-ray, dókítà ní arómọléegun ni, ó kọ diclofenac fún wọn, ó sì ní ká lọ rí àwọn físíò (physiotherapist), àwọn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara.

A lọ. Màmá rò pé wọ́n máa gbé ẹ̀rọ lé e, tàbí pé wọ́n máa fi nǹkan ra á. Ọmọbìnrin tó gbà wá béèrè ọ̀rọ̀ títí, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní kí wọ́n dìde, ó ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n rìn kóun rí i. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa na ẹsẹ̀, tí wọ́n á gbé e sókè, tí wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é nílé lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa padà wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ó parí.

Inú màmá ò dùn rárá. Wọ́n ní, "Ṣé kí wọ́n lè ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè ni mo ṣe sanwó?" Bọ̀ọ̀dá mi ní físíò àti àwọn tó ń wọ́ra, ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ká kúkú wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ́ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ṣé kí n rọ̀ wọ́n kí wọ́n padà síbẹ̀?

Bàbá Ìbejì Ìwó Road

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Èmi ò ní tàn yín, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn físíò yẹn pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń fi òrí àti Aboniki wọ́ra. Èjìká mi máa ń dùn mí lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, mà á sì sùn wọra lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ gbé màmá lọ síbẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Físíò Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe gan-an ni ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ pé kò ṣàlàyé tó, ìyẹn ni mo lè bá a wí sí.

Nǹkan kan wà tó ń yọ̀, tó sì bo orí eegun nínú orúnkún kí eegun má baà máa ha eegun. Bí arómọléegun bá mú orúnkún, nǹkan yẹn á máa tán díẹ̀díẹ̀, oríkèé á máa le, á sì máa wú nígbà míì. Torí pé ó ń ro èèyàn, onítọ̀hún ò ní fẹ́ gbára lé ẹsẹ̀ náà mọ́. Bí kò bá ti lò ó, ẹran iwájú itan á bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ẹran yẹn ló sì yẹ kó máa gba ìwúwo ara kí gbogbo rẹ̀ má já lé orúnkún lórí. Bó bá ti joro, ìrora á tún le sí i, ẹsẹ̀ á tún máa sinmi sí i. Ọ̀kan ń fa èkejì bí okùn, ibi tá a sì ti lè já okùn yẹn ni itan. Kò sí oògùn tó lè bá èèyàn mú itan lágbára, kò sì sí ẹ̀rọ tá a máa gbé lé e tó lè rọ́pò ìdárayá. Màmá fúnra wọn ló máa ṣe é.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, bóyá wọ́n ti gbàgbé èyí tí wọ́n kọ́ wọn. Kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì jọ, ẹ fi sábẹ́ orúnkún. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ táwẹ́ẹ̀lì náà mọ́lẹ̀ títí tí ẹran itan á fi le. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ka ení, èjì títí dé àrún, kí wọ́n tó dẹ ẹsẹ̀. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ní nínà, láì tẹ orúnkún, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni dídìde lórí àga gíga láì fọwọ́ ti nǹkan kan, kí wọ́n sì tún jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, láì já bọ́ sórí àga. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lè ṣe lọ́jà ni wọ́n ń kọ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Bó bá ro wọ́n díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kò burú. Bí ìrora náà bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kí wọ́n máa bá a lọ. Bí orúnkún bá wú tàbí tó ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n dín in kù, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló máa ń gbà kéèyàn tó rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Ibẹ̀ gan-an la ti ń pàdánù àwọn èèyàn, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, mi ò bá yín jà lórí wíwọ́ra. Àwa náà ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. A ń lo iná tó ń mú ara gbóná, a ń lo yìnyín, a ń lo ẹ̀rọ TENS tó ń rán iná kékeré gba awọ ara kọjá kí ìrora lè fúyẹ́. Gbogbo wọn ń fún èèyàn ní ìsinmi fúngbà díẹ̀, kó lè ráyè ṣe ìdárayá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìwọ̀nyí nìkan ni físíò ń ṣe fún yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ, tí kò kọ́ yín ní nǹkan kan tẹ́ ẹ máa ṣe nílé, ẹ wá ẹlòmíì.

Alhaja Títí Ìlọrin

Òótọ́ ni Físíò Ifẹ̀ sọ. Àdùkẹ́ ọmọ mi, àpótí yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ra àga fún màmá rẹ, èyí tí orúnkún wọn ò ní ga ju ìdí lọ bí wọ́n bá jókòó. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wó lulẹ̀ tí wọ́n ń fà dìde lórí àpótí. Ìdárayá wo ló máa borí ìyẹn?

Èmi, ti ìrun ló dùn mí jù nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa ní kí n má kírun mọ́. Físíò mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa kírun lórí àga ná, kí n máa ṣe ìdárayá mi. Nígbà tí itan ti le, ó fi bí mo ṣe máa tẹ ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún hàn mí, ẹsẹ̀ tó dáa ni mo máa fi ṣáájú bí mo bá ń dìde, ọwọ́ méjèèjì á wà nílẹ̀. Mo ti ń forí kanlẹ̀ báyìí, alihamudu lilahi. Ó ṣì máa ń ro mí nígbà òtútù. Mi ò ní parọ́ pé ó lọ tán.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́

Tèmi yàtọ̀ o. Ẹ̀yìn ni. Mo wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó le, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀yìn, mi ò rí ìyàtọ̀. Àgbàlagbà kan ló ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle, kí n má ṣe ohunkóhun títí ara á fi yá. Ìsinmi ló wò mí sàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí màmá sinmi. Ẹsẹ̀ tó ń ro èèyàn, ẹ tún ń ní kó máa gbé e sókè?

Físíò Ifẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ti ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀yìn, ẹ ò parọ́, ọ̀pọ̀ wa ni kì í lò ó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìdùbúlẹ̀ yẹn, ìmọ̀ràn ayé àtijọ́ ni, àwọn dókítà gan-an ló ń fún èèyàn nígbà náà. Wọ́n ti fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn ríro tí kò ní àmì ewu, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà èèyàn dùbúlẹ̀ tàbí kò dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n, ló máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹran ara rẹ̀ ti rọ kó tó dìde.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti àmì ewu yẹn kó yé gbogbo èèyàn. Bí ẹ̀yìn bá ń ro èèyàn, tí ẹsẹ̀ wá ń rọ, tí àárín itan méjèèjì kú tipiri, tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, ọjọ́ yẹn náà ni kó dé ilé ìwòsàn. Kó má dúró de físíò, kó má dúró de ẹni tó ń wọ́ra. Bákan náà ni bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń rù láìnídìí, tí ìrora ò jẹ́ kó sùn lóru, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, diclofenac tí wọ́n kọ fún màmá. Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé wọ́n ní ọgbẹ́ inú? Oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà máa ń gbé mì bíi trébọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lóṣooṣù. Ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ padà lọ bi dókítà ìgbà tí wọ́n máa dá a dúró. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìyẹ̀fun àti àgbo inú ike tí wọ́n ń polówó pé ó ń pa làkúrègbé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti rí oògùn steroid nínú irú wọn rí. Bí ojú bá ń wú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń kún lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, ẹ fura. Kí wọ́n má sì dá a dúró lójijì, dókítà ni kó bá wọn dín in kù.

Ti abẹ́rẹ́ ìdí pẹ̀lú. Mo ti rí ọmọdé àti àgbà tí kẹ́mísì gún lábẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ, tí abẹ́rẹ́ bá iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ wá ń wọ́ nílẹ̀. Físíò ló ń bá wọn jà á fún oṣù gbọọrọ.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, èjìká tó ń dùn yín lọ́dọọdún yẹn, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni èjìká máa ń le fún jù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ló dé tí àwọn físíò fi ń kọ "Dókítà" ṣáájú orúkọ wọn? Iṣẹ́ àná àná ni. Kó tó dé, àwọn baba wa ń to eegun, ọwọ́ mi tó ṣẹ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bàbá kan ní Iléṣà ló tò ó, òun ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kò béèrè X-ray.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdí-Àràbà

Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ àná kọ́ o. Mo wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ físíò, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára. Ìgbòbì ní Èkó, tó di ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ lónìí, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ físíò ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1959, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni gboyè nínú rẹ̀. Ọdún 5 la fi ń kàwé, a ń la òkú èèyàn láti fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, lẹ́yìn náà ọdún 1 ní ilé ìwòsàn lábẹ́ ọ̀gá, kí wọ́n tó fún wa ní ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, tí mo bá délé, àǹtí mi á ní, "Wá bá mi wọ́ ẹ̀yìn, ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Bàbá Àgbà Físíò

Ọmọ mi, o káre, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀ kí àwọn èèyàn má fi gbé wa. 1959 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn físíò Nàìjíríà sílẹ̀. 1966 ni ẹ̀kọ́ gboyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wa níwèé àṣẹ sílẹ̀, MRTB, 1988 ló jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti "Dókítà" yẹn: àwọn kan nínú wa ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn yunifásítì kan sì ti ń yí ẹ̀kọ́ náà sí DPT, oyè dókítà nínú iṣẹ́ físíò, ọlọ́dún 6. Oyè DPT ni wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà náà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 níbẹ̀ ló sì gbà kí aláìsàn lọ bá físíò láì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fi ààlà sí i. Èrò tèmi ni pé níwájú aláìsàn, kí físíò sọ pé físíò lòun. Oríṣi dókítà tí aláìsàn rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ò ní gbà fún mi.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ju orúkọ lọ ni pé ẹni tó bá ra bẹ́ẹ̀dì kan àti ìgò òróró ń kọ "physiotherapy" sára ògiri ilé rẹ̀. Bó bá fa ọrùn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ya, àwa ni wọ́n máa bú.

Ti àwọn tó ń to eegun, mi ò ní bú wọn, ọwọ́ yín dáa. Àwa ń rí àwọn tí tiwọn ò dáa. Bí wọ́n bá fi igi di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ pinpin, tí ẹ̀jẹ̀ ò kọjá mọ́, ẹran á kú, gígé ló máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Bí ìka bá dúdú tàbí tó kú tipiri lábẹ́ igi, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Orúnkún arómọléegun ní tirẹ̀ ò ṣẹ́, kò yẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tò níbẹ̀. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí Bàbá Àgbà sọ nípa ẹni tó ń kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n jà á níbí náà. Ní 1894, nọ́ọ̀sì obìnrin mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù torí àwọn kan ń fi wíwọ́ra bojú ṣe aṣẹ́wó, wọ́n sì ń ba orúkọ àwọn tó ń ṣe é tọkàntọkàn jẹ́. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni ti físíò ti jáde. Lónìí, bí o ò bá sí nínú ìwé HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀ níbí, tó o sì pe ara rẹ ní físíò, o ti rú òfin. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wá orúkọ tèmi kí n tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibí dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò mi èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láì rí dókítà, àmọ́ mo dúró fún oṣù bíi mélòó kan, orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ìwé ìdárayá ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nǹkan kan náà tí màmá Àdùkẹ́ gbà ni. Àdùkẹ́, ọmọbìnrin tó fi ọwọ́ tẹ orúnkún màmá, tó ní kí wọ́n rìn kóun rí i, ẹ dì í mú.

Bàbá Ìbejì Ìwó Road

Mo ti gbọ́ ti ṣúgà, màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wọ́ra fún mi ò ṣe nǹkan burúkú, mi ò ní fi í sílẹ̀. Èèyàn lè ṣe méjèèjì.

Àdùkẹ́ Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka ti ìrun àti ti àpótí fún màmá, wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ Alhaja iye tí irú àga yẹn jẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Owó ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yẹn wúwo fún wa, ṣé dandan ni? Ṣé ara tó sanra wà nínú rẹ̀, torí físíò ọ̀hún mẹ́nu bà á, inú sì bí wọn? Àti ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, ọwọ́ wo ni kí wọ́n fi mú un?

Awakọ̀ Ọ̀yọ́

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ro wọ́n, ibẹ̀ ni kí ọ̀pá gbè.

Físíò Ifẹ̀

Rárá o, bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ òsì. Bí èèyàn bá ń rìn, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló jọ ń lọ síwájú. Bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ òsì, á kanlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n, á sì bá a gbé ẹrù ara. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣe ni wọ́n máa fì sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n gan-an. Kí orí ọ̀pá má ga ju ọrùn-ọwọ́ wọn lọ bí wọ́n bá dúró, tí wọ́n jẹ́ kí apá rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ mú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jà dání kẹ́ ẹ tó gé ọ̀pá náà.

Ti ara sísan, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ ọ́, nítorí òótọ́ ni. Kílò 1 téèyàn bá sọnù, nǹkan bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò di dandan kí wọ́n di pẹ́lẹ́ńgẹ́, díẹ̀ náà tó.

Ti owó, ẹ sọ ọ́ fún físíò yẹn ní gbangba. Bí wọ́n bá ti mọ ìdárayá náà dáadáa, wọ́n lè lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ó wo bó ṣe ń lọ, kó sì fi kún un. Ìbẹ̀wò ò tó ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ MRTB ti ọdún yìí, ọdọọdún la ń tún un gbà, ẹni tó bá ní in ò ní bínú.

Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì tó dáa ni kó kọ́kọ́ gòkè. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó ṣáájú, kí wọ́n sì di irin ẹ̀gbẹ́ mú.